Ta Ló Ní Kí Awọ Ẹkùn Kọjá? Ìtàn Ìwé Àṣẹ Ẹran Ìgbẹ́ láti Apòmù àti Ìkirè

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ yóò gba orí odò Ọ̀ṣun kọjá kó tó kan Ìkirè, Apòmù kò sì jìnnà síbẹ̀ rárá. Lónìí, dòdò ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi mọ Ìkirè. Apòmù ní tirẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí títì ọlọ́dà tó dé, ọjà Apòmù ni òkìkí rẹ̀ kàn jù ní agbègbè náà. Orí ilẹ̀ Ifẹ̀ ni ọjà ọ̀hún wà. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ wá ná an, àwọn Ìjẹ̀bú ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá, ilẹ̀ Òwu sì wà nítòsí. Ẹrù tó bá ti ọ̀dàn wá tó ń lọ sí etíkun, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá fẹ́ pìtàn ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó ẹran ìgbẹ́ àti ẹ̀yà ara rẹ̀ jáde nílùú, irú ọjà bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àṣẹ ti wà ní bodè tipẹ́tipẹ́ kí ìwé tó dé.

Eyín erin ló kọ́kọ́ wọ inú àkọsílẹ̀. Láàárín 1505 sí 1508 ni ará Pọtogí kan tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ìwé tó pè ní Esmeraldo de Situ Orbis. Ó dárúkọ ìlú ńlá kan níbẹ̀, Ìjẹ̀bú, ó ní ẹrú ni wọ́n ń rà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀gbà idẹ 12 tàbí 15 ra ẹnì kan, àti eyín erin. Erin wà nínú igbó ilẹ̀ wa nígbà náà. Àwọn ìyókù rẹ̀ ṣì wà nínú igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó tó so mọ́ Ṣáṣá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àmọ́ òfin tí ìtàn kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ní Apòmù, pé èyí kò gbọdọ̀ gba ibí kọjá, kì í ṣe ti ẹran. Ti ènìyàn ni. Samuel Johnson sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé kí Awólẹ̀ tó di Aláàfin, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ tà ní ọjà Apòmù. Àṣẹ ti wà nílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ jí ará Ọ̀yọ́ tà níbẹ̀, Baálẹ̀ Apòmù sì ní kí wọ́n na Awólẹ̀. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí oyè, kò gbàgbé ẹgba náà. Ó kọjú ogun sí Apòmù, Baálẹ̀ sì fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀ kí ìlú má baà pa run. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ náà tún hù. Wọ́n tún ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ tà ní ọjà kan náà, àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ ní kí Olówu bá àwọn dá a dúró, Òwu sì gbógun lọ, ó fọ́ Apòmù, ó fọ́ Ìkirè àti àwọn ìlú Ifẹ̀ mìíràn tó wà nítòsí. Ìyẹn ló mú kí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú para pọ̀ dojú ìjà kọ Òwu títí Òwu fi fọ́. Àwọn òpìtàn sábà máa ń ka gbogbo èyí sí ìtàn ogun. Lójú tèmi, ìtàn òfin ọjà ni pẹ̀lú: Baálẹ̀ tó pa àṣẹ mọ́ ló kú, ẹni tó rú u ló jọba.

Ẹran ní òfin tirẹ̀, ààfin sì ni òfin náà ń gbé. Ọdẹ tó bá pa ẹkùn kò lè dá a bó sí ẹ̀yìn ahéré rẹ̀. Ààfin ni wọ́n ń gbé e lọ, nítorí ohun ọba ni awọ ẹkùn. Erin náà kì í ṣe ẹran àdápa-dájẹ. Ní Ìbíní, eyín kan jẹ́ ti Ọba, Ọba ni yóò sì kọ́kọ́ sọ bóyá òun fẹ́ ra èkejì kí ẹnikẹ́ni tó dá a lé. Nílẹ̀ Yorùbá náà, kí ọdẹ pa erin kó má fi ti ọba sílẹ̀, ọ̀ràn ni. Lẹ́yìn ààfin, ó ku bodè. Oníbodè jókòó sẹ́nu odi, ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò àti alárù. Ẹni tí ọba tàbí ìjòyè bá rán níṣẹ́ lè mú àrokò lọ́wọ́, tí yóò fi hàn pé a mọ̀ sí ìrìn òun. Oníbodè kò kàwé, kò sì lo òòtẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ń béèrè ni wọ́n ṣì ń béèrè dòní: níbo lo ti rí i, ta ló mọ̀ sí i, kí lo san?

Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, tí ọ̀nà etíkun sí òkè là gbalaja. Ó bọ́ sí i pé ọdún mẹ́jọ gééré sí ọjọ́ yẹn, ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1900, àwọn ìjọba Yúróòpù tó ní ilẹ̀ ní Áfíríkà jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹranko, ẹyẹ àti ẹja ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ọdẹ Áfíríkà kankan nínú yàrá náà. Eyín erin tí kò bá tó kílò 5, kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí wọ́n máa gba owó orí awọ àti ìwo tó bá ń jáde. Mo fẹ́ràn láti máa ka àtòkọ ẹran tó wà nínú àdéhùn yẹn. Igún àti òwìwí wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n ní ká dáàbò bò nítorí ìwúlò wọn. Ẹkùn, kìnnìún, ọ̀nì àti ere wà lára àwọn tí wọ́n ní ká dín kù, wọ́n tiẹ̀ ní ká máa fọ́ ẹyin ọ̀nì. Ẹkùn tí ọdẹ wa kò gbọdọ̀ bó láìjẹ́ pé ọba mọ̀, òfin àwọn òyìnbó kà á sí ẹranko aṣebi. Nígbà tí ọdún 75 fi máa kọjá, àwọn kan náà ti gbé e sí ipò àkọ́kọ́ láàárín àwọn ẹran tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣòwò.

Púpọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn 1900 kò mú un ṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìlànà rẹ̀ ṣe òfin ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Òfin ìdáàbòbò ẹranko ìgbẹ́ ti Nàìjíríà jáde ní 1916. Àdéhùn tó wá fìdí ìwé àṣẹ múlẹ̀ gan-an ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1933, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1936. Ó ní awọ, eyín, ìwo tàbí ẹ̀yà ara mìíràn kò gbọdọ̀ jáde láìní ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ aláṣẹ, wọn kò sì gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ìwé náà àfi bí ó bá rí ẹran ọ̀hún lọ́nà òfin. Ibi tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá wà nìkan ló sì gbọ́dọ̀ gbà jáde. Ìlànà yìí ni gbogbo èyí tó tẹ̀lé e jókòó lé, ibẹ̀ náà sì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ń béèrè bí wọ́n ṣe pa ẹran, ẹni tó sì lè dáhùn, ìyẹn ọdẹ, kì í sí níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Ohun tí ọdẹ Ìkirè mọ̀ mọ́ ìjọba ni láísẹ́ńsì ìbọn ṣakabùlà, tí òfin ìbọn ti 1959 náà sì ní kó gbà.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn olórí Áfíríkà ṣe àdéhùn tiwọn ní Algiers ní oṣù Kẹsàn-án 1968. Lẹ́yìn náà ni CITES dé, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń parẹ́ lọ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1973. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé Nàìjíríà ló ṣìkejì nínú gbogbo ayé láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1974, lẹ́yìn Amẹ́ríkà nìkan. A ṣáájú Switzerland, a ṣáájú Kánádà, a sì ṣáájú gbogbo Áfíríkà. Ọjọ́ 1 oṣù Keje 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. CITES pín ẹran sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Àwọn tó wà ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní, bí ẹkùn àti gọ̀rílà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú wọn láti inú igbó fi ṣòwò láàárín orílẹ̀-èdè. Ìsọ̀rí kejì, bí ere àti alégba, ṣeé tà pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ìsọ̀rí kẹta jẹ́ ti ẹran tí orílẹ̀-èdè kan fúnra rẹ̀ bá ní kí àwọn yòókù bá òun ṣọ́.

A yára fọwọ́ sí i, a fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá wá òfin ilé tí yóò gbé e ró. Oṣù Kẹrin 1985, lábẹ́ ìjọba ológun, ni Dẹ́kírì 11 jáde. Ó ní ẹran tó wà lórí àtòkọ kìn-ín-ní kò ṣeé pa, kò ṣeé mú, kò ṣeé tà. Ti àtòkọ kejì gba ìwé àṣẹ. Ìtanràn fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rú òfin àtòkọ kìn-ín-ní jẹ́ ₦1,000, ẹ̀wọ̀n ọdún kan sì ni fún ẹni tó bá tún un ṣe. Ti àtòkọ kejì jẹ́ ₦500. Nígbà tí náírà fi máa wó lulẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, ₦1,000 kò lè da ẹnikẹ́ni láàmú mọ́. Síbẹ̀ iye náà wà nínú ìwé òfin títí di 2016 kí àtúnṣe tó sọ ọ́ di ₦5,000,000.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí nìyí fún ẹni tó bá fẹ́ ti Ìkirè kó nǹkan jáde. Igbó àti ọdẹ ṣíṣe wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, èyí tí ó di ti Ọ̀ṣun láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991. Ohun tó bá ń sọdá ẹnu ààlà Nàìjíríà wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká, ní Abuja, ló ń fọwọ́ sí ìwé CITES. NESREA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ló ń mú kí òfin múlẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé kíkó ẹran náà jáde kò ní pa irú rẹ̀ lára nínú igbó, aláṣẹ sì gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kò sí òfin tí wọ́n rú kí wọ́n tó rí i. Bí ó bá jẹ́ ti ìsọ̀rí kìn-ín-ní, orílẹ̀-èdè tó ń gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní ìwé ìwọlé tirẹ̀. Ẹrù kan, ìwé kan ni. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹrù bá dé èbúté, kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kọ iye tí ó jáde gan-an sára rẹ̀. Àwọn dókítà ẹran náà ní ìwé ìlera tiwọn. Bí eyín erin náà bá jẹ́ iṣẹ́ ọnà àtijọ́, àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí dẹ́kírì 1979 dá sílẹ̀, ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í rántí ni pé awọ tútù, awọ tí wọn kò tíì ṣe, wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kó jáde rárá. Ó bá agbádo, pákó àti ẹran tó ń parẹ́ lọ jókòó lórí àtòkọ kan náà. Nítorí náà, kódà awọ ẹtu lásán, tí kò sí ẹni tó fi òfin dè é ní àgbáyé, kò lè ti ọwọ́ ọdẹ lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń gbé sókè lẹ́bàá títì, òyà, òkété, ẹtu, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn lékulẹ́ja ní ọjà, tí wọ́n to orí ẹran, awọ ere àti ọ̀gà gbígbẹ sílẹ̀. Ààlà ni ọ̀rọ̀ ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹran ti kú tipẹ́.

Ìtàn tó fi àléébù ìwé yìí hàn jù lọ ṣẹlẹ̀ ní tòsí Ìkirè. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2002, àwọn ọmọ gọ̀rílà mẹ́rin wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, wọ́n gba Johannesburg, wọ́n sì balẹ̀ sí ọgbà ẹranko Taiping ní Malaysia. Wọn kò fi wọ́n pamọ́ sínú ẹrù. Ìwé wọn pé. Ó ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí, bẹ́ẹ̀ òfin CITES rọ̀ díẹ̀ fún ẹran tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ nínú ọgbà. Ẹni tó bá rìn dé ọgbà ẹranko yẹn nígbà náà mọ̀ pé gọ̀rílà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, abo tó ti darúgbó. Ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà àwọn ọ̀bọ àti ìnàkí, International Primate Protection League, ló pariwo ọ̀rọ̀ náà fáyé gbọ́. Malaysia fi àwọn gọ̀rílà náà ránṣẹ́ sí Pretoria ní 2004, ìjà sì tún bẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tó yẹ kí wọ́n gbé. Nígbà tó di ìparí oṣù Kọkànlá 2007, wọ́n délé sí Limbe, ní Kamẹrúùnù, ibi tí ọ̀pọ̀ gbà pé inú igbó rẹ̀ ni wọ́n ti jí wọn. Ọdún márùn-ún lé ni ìwé kan ṣoṣo fi ń lé àwọn ọmọ ẹran mẹ́rin kiri ayé.

Mo ti gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ pé ìṣòro Nàìjíríà ni pé àwọn ènìyàn kì í gba ìwé. Ìtàn yìí sọ òmíràn: àwọn tó ṣe iṣẹ́ ibi náà gba ìwé, wọ́n gbà á dáadáa. Oníbodè ìgbà kan mọ ojú ẹni tó ń kọjá, ó sì mọ ìlú tó ti wá. Ẹni tó di òòtẹ̀ mú ní Abuja mọ ohun tí wọ́n kọ nìkan.

Ní oṣù Keje 2005, CITES ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè dáwọ́ òwò dúró pẹ̀lú Nàìjíríà lórí gbogbo ẹran àti ewéko tó wà lórí àtòkọ rẹ̀. Òfin wa kò tó, ìṣọ́ kò tó, ìwé ayédèrú sì pọ̀. Orílẹ̀-èdè tó ṣìkejì láti wọlé ni wọ́n ní kó dúró síta, ọdún mẹ́fà sì kọjá kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ní 2011. Ní 2018 wọ́n tún dá òwò igi kosso wa dúró.

Lẹ́yìn náà ni akíka dé ojú agbo. Ìpẹ́ rẹ̀, tí kò ju ohun kan náà tó wà ní èékánná wa lọ, ni wọ́n ń wá ní Ṣáínà àti Vietnam. Ìpàdé CITES tó wáyé ní Johannesburg ní 2016 gbé gbogbo ẹ̀yà akíka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní 2017. Ní oṣù Kẹrin 2019, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Singapore gbẹ́sẹ̀ lé kọ̀ntẹ́nà méjì tó ti Nàìjíríà wá, tó ń lọ sí Vietnam: tọ́ọ̀nù 12.9 ìpẹ́ akíka nínú àkọ́kọ́, tọ́ọ̀nù 12.7 nínú èkejì. Ìwé ẹrù àkọ́kọ́ ní ẹran màlúù dídì ni. Ti èkejì ní èso cassia ni. Akíka tó bá kú ní oko ọdẹ kan kò lè kún kọ̀ntẹ́nà. Àwọn alágbàtà ló ń ṣà á jọ láti ìlú dé ìlú, àti láti orílẹ̀-èdè mìíràn, títí yóò fi dé Èkó. Ní oṣù Kẹwàá 2023 NESREA dáná sun tọ́ọ̀nù 4 ìpẹ́ akíka tí wọ́n gbà ní Abuja, ní oṣù Kìn-ín-ní 2024 wọ́n sì lọ eyín erin tọ́ọ̀nù 2.5 kúnná.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ náà kan ohun tí wọ́n kà sí àṣà. Odídẹrẹ́, ẹyẹ tí wọ́n fi ń ki Ìwó tó wà lẹ́yìn Ìkirè lọ́hùn-ún, wọ ìsọ̀rí kìn-ín-ní lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú akíka. Ìkóóde tí olóyè fi sára fìlà rẹ̀ kò wá ní ìyàtọ̀ sí eyín erin lójú kọ́sítọ́ọ̀mù pápákọ̀ òfuurufú Heathrow. Ẹran sísun náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní 2001, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Dalston sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin nítorí ẹran ìgbẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2003 ni Bìrìtìkó ti fòfin de ẹran tí arìnrìn-àjò bá kó wọlé láti Áfíríkà, ìbáà jẹ́ ti adìyẹ. Ní Amẹ́ríkà, òkété ló fa tiwọn. Ní oṣù Kẹrin 2003, nǹkan bí 800 ẹran kéékèèké, tí òkété wà nínú wọn, ti Gánà dé Texas. Àrùn monkeypox ti ara wọn ran ẹran ọ̀sìn kan ní Amẹ́ríkà, ó sì ran ènìyàn 47. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹran ìdílé eku láti Áfíríkà. Òyà wà nínú ìdílé yẹn, kódà èyí tí wọ́n sìn nínú àgò. Ẹni tó bá ń rò pé òun yóò gba ìwé CITES kóun lè fi òyà gbígbẹ ránṣẹ́ sí ọmọ òun ní Houston, kò sí ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: CITES kò tilẹ̀ ka òyà mọ́ tirẹ̀, òfin àrùn ló dè é.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2025, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin tuntun lórí ẹran tó ń parẹ́ lọ, lẹ́yìn tí Ilé Aṣojú-ṣòfin ti ṣe tiwọn ní oṣù Karùn-ún. Lábẹ́ àbá náà, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún mẹ́wàá, ìtanràn sì lè tó ₦12,000,000, wọn yóò sì lè tọ ipasẹ̀ owó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán alágbàtà níṣẹ́. Ìyẹn dára, nítorí títí di ìsinsìnyí, ẹni tó gbé ẹrù ni ìyà sábà ń jẹ. Ó ku ibi tí wọ́n ti ń kọ orísun ẹran sínú fọ́ọ̀mù. Ọ́fíìsì igbó ti ìpínlẹ̀ ló mọ igbó, ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì mọ ẹni tó wọ igbó àti ohun tó pa. Ní Apòmù àti Ìkirè, olórí ọdẹ lè sọ èyí láìwo ìwé. Abuja ló ń buwọ́ lù ú, kò sì sí ojú ìlà kankan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún olórí ọdẹ.